ẸNI TÓ NI SÍPÍÀ LÓ NI HẸLIKÓPÍTÀ

Nínú ìwé wa yìí, ogun tí a sábà máa ń kà nípa rẹ̀ ni Kírìjì àti Jálumi, ogun ọ̀kọ̀ àti ìbọn ṣakabùlà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbójú sókè díẹ̀ lónìí, ojú ọ̀run ni ogun tèmi wà. Hẹlikópítà ogun kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Cobra ni àwọn tó ṣe é pè é, ìyẹn sèbé lédè tiwa. Ẹ má rò pé ìbọn ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ máa yìn o. Àwọn tó ń wo fíìmù Amẹ́ríkà ní yàrá tẹlifíṣọ̀n họ́sítẹ́ẹ̀lì ti yìn ín tó, kódà wọ́n máa ń fi ẹnu dún bíi rẹ̀. Ohun kéékèèké inú rẹ̀ ni mo wá bá yín sọ: nọ́ọ̀tì, páìpù, bẹ́árìn, gíábọ́ọ̀sì. Lẹ́nu kan, sípíà-páàtì.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ọ̀tì kan bẹ̀rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ gígùn méjì ló wà lórí irú hẹlikópítà yìí. Òpó irin kan ló ń yí wọn, nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ló sì dè wọ́n mọ́ òpó náà. Nígbà ogun Vietnam, àwọn sójà Amẹ́ríkà sọ nọ́ọ̀tì yẹn ní nọ́ọ̀tì Jésù. Ìdí ni pé bó bá fi lè tú lójú ọ̀run, kò tún sí ẹlòmíràn tí ẹ lè ké pè. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìrètí ṣì wà, torí afẹ́fẹ́ á máa yí abẹ̀bẹ̀ náà bí hẹlikópítà bá ṣe ń lọ sílẹ̀, awakọ̀ tó mọṣẹ́ lè fi ìyẹn balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tì yẹn bá lọ, ó ti parí. Àwọn sójà yẹn ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ wọn kọ́ mi ní nǹkan tí mi ò rí nínú fíìmù kankan.

Ká tó débi ìjà, ẹ jẹ́ ká mọ ilé tí wọ́n ti bí sèbé yìí. Ní àwọn ọdún 1960, hẹlikópítà tí Amẹ́ríkà fi ń kó sójà kiri ní Vietnam ni Huey. Iléeṣẹ́ Bell ní ìpínlẹ̀ Texas ló ṣe é. Huey sanra, ikùn rẹ̀ gbàyè, ṣùgbọ́n bó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ sínú igbó báyìí, ìbọn ni àwọn ọ̀tá á fi kí i káàbọ̀. Àwọn ọ̀gá ogun wá ní àwọn ń fẹ́ hẹlikópítà tí kò ní í kó èrò rárá, tó jẹ́ pé ìjà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Lockheed ló gba iṣẹ́ náà lọ́dún 1965, Cheyenne ni wọ́n sọ tiwọn. Ohun àrà ni Cheyenne lórí ìwé. Ó ní abẹ̀bẹ̀ kan lẹ́yìn tó ń tì í síwájú bíi ti bàálù, ó sì yára bí àṣá. Gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló jẹ́ tuntun, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ sì ti wá. Ohun tuntun ń fẹ́ àkókò, ogun ò sì ń dúró de ẹnì kan.

Àwọn Bell ò jókòó sunkún pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Owó ara wọn ni wọ́n ná. Wọ́n mú ẹ́ńjìnnì Huey, wọ́n mú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀, wọ́n wá ṣe ara tuntun fún un, ara tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Èèyàn méjì ló ń jókòó sínú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì bí ẹni tó gun ọ̀kadà: ayìnbọn níwájú, awakọ̀ lẹ́yìn lórí ìjókòó tó ga díẹ̀ kí ó lè ríran kọjá orí ẹni iwájú. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1965 ló kọ́kọ́ fò. Ní oṣù kẹrin ọdún 1966, àwọn ológun ní kí wọ́n ṣe 110 fún àwọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1967, ó ti wà ní Vietnam. Cheyenne tí gbogbo ayé ń retí ńkọ́? Wọ́n pa á tì lọ́dún 1972. Irú Cobra àkọ́kọ́ yẹn nìkan, èyí tí Bell ṣe lé ní 1,100.

Lójú tèmi, kì í ṣe pé sèbé dára ju Cheyenne lọ. Ohun tó jẹ́ kó borí ni pé ibùdó yòówù tí Huey bá ti wà, sípíà sèbé ti wà níbẹ̀ ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì tó ti tú gíábọ́ọ̀sì Huey palẹ̀ rí, kí ló tún kù tó fẹ́ kọ́? Bí a bá ní ká sọ òótọ́, hẹlikópítà yìí jẹ́ ọmọ sípíà látilẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohun tó gbé e ga lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é náà ló wá di ẹ̀wọ̀n sí ẹni tó rà á lọ́rùn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan níbí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ rò pé sípíà ni sípíà ń jẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ mẹkáníìkì, mo lo ọlidé méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí sípíà bá wọ́n, á sáré lọ sí Gáté n'Íbàdàn, bí kò bá rí i níbẹ̀, Ládípọ̀ l'Ékòó. Bí kò bá rí tuntun, á ra tòkunbọ̀. Bí tòkunbọ̀ náà ò bá sí, á bá wẹ́dà sọ̀rọ̀, wọ́n á sì lẹ nǹkan kan pọ̀ tí ọkọ̀ á fi dé ilé. Bó bá kú lọ́nà, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ tì í. Ta ni yóò sọ̀kalẹ̀ ti hẹlikópítà?

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí sípíà hẹlikópítà ní wákàtí. Irin máa ń rẹ̀ bí ara èèyàn ṣe máa ń rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó ń gbọ̀n, tó ń tẹ̀, tó ń nà, nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójoojúmọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sán nínú níbi tí ojú lásán ò ti lè rí i. Àwọn tó ṣe é ti wọn agbára rẹ̀, wọ́n á ní tó bá ti fò tó wákàtí báyìí báyìí, ẹ yọ ọ́, ẹ jù ú nù, bó tilẹ̀ ń dán gbinrin. Ìwé sì ń tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kiri bí ìwé ọjọ́ ìbí: ibi tí wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n dè é, iye wákàtí tó ti fò. Sípíà tí kò ní ìwé, ká kúkú sọ pé kò sí sípíà. Fún ìdí yìí, ẹni tó ra hẹlikópítà ogun ò tíì rà á tán. Títí ayé hẹlikópítà náà ni yóò máa rà á lọ, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ ẹni kan náà.

Ìyẹn ló gbé wa dé Ìránì.

Ọba Mohammad Reza Pahlavi, tí wọ́n ń pè ní Shah, ló ń jọba níbẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, Ààrẹ Nixon lọ kí i ní Tehran, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn ohun ìjà tó bá ti wu Shah ni yóò máa rà, àfi bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ olówó ṣe máa ń rí. Shah ra 202 Cobra. Kì í ṣe irú ti Vietnam, èyí lágbára jù ú lọ, ẹ́ńjìnnì méjì ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ bí ìbejì. Nínú 202 yìí, 62 ló lè yin mísáìlì TOW. Mísáìlì yẹn máa ń fa wáyà tín-ín-rín lẹ́yìn bó ṣe ń lọ, ayìnbọn á sì máa fi ojú ẹ̀rọ kan ní imú hẹlikópítà darí rẹ̀ títí yóò fi bá ọkọ̀ ogun onírin. Ìdérí ìkòkò kọ́ ni wọ́n ṣe é láti fọ́ o, irin tó nípọn ju odi ilé wa lọ ni.

Ọkọ̀ nìkan kọ́ ni Shah rà. Ó ra àwọn tí yóò máa tún un ṣe pẹ̀lú. Ní Isfahan, ìlú àtijọ́ tó kún fún mọ́sáláṣí aláràbarà, àwọn òṣìṣẹ́ Bell àti ẹbí wọn pọ̀ débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń kà wọ́n. Àwọn ló ń kọ́ awakọ̀, àwọn ló ń kọ́ mẹkáníìkì. Àwọn ọ̀dọ́ Ìránì kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ṣẹkẹṣẹkẹ ọ̀rọ̀ náà ń bẹ ní Texas. Sípíà tó bá wọ́n, ẹ kọ̀wé sí Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà á fi ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó rí nǹkan tó burú nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wá, àbí?

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1979, Shah sá fi ìlú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, Ayatollah Khomeini padà dé, ìjọba sì yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ Bell ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ (ẹ gbọ́ o, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa) ya wọ iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran, wọ́n sì há àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ́. Èèyàn 52 ló lo ọjọ́ 444 ní àhámọ́. Ààrẹ Carter fi ọwọ́ lé ẹrù ológun gbogbo tó ń lọ sí Ìránì, títí kan sípíà tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tán.

Kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, Amẹ́ríkà gbìyànjú láti fi hẹlikópítà lọ gba àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Mẹ́jọ ni wọ́n rán, bí wọn ò bá ní mẹ́fà tó pé, iṣẹ́ náà ò ṣeé ṣe. Ọ̀kan dúró sínú aṣálẹ̀ torí ẹ̀rọ rẹ̀ kìlọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ ti sán. Ọ̀kan padà sẹ́yìn nínú ìjì eruku. Ọ̀kan dé ibi ìpàdé tán, páǹpù tó ń ti òróró inú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì sí òmíràn tí wọ́n lè fi rọ́pò níbẹ̀. Ó ku márùn-ún. Wọ́n ní kí gbogbo wọn padà, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ padà, hẹlikópítà kan forí sọ bàálù tó gbé epo, àwọn ọmọ ogun mẹ́jọ kú. Ẹ rí i pé ẹni tó ni sípíà gan-an, tó bá ti jìnnà sí ilé, páǹpù kan lè dójú tì í.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, Ìráàkì gbógun ti Ìránì. Ìgbà tó dára jù lọ fún un ni Saddam Hussein rò pé òun yàn, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun Shah ló ti kú tàbí tó wà lẹ́wọ̀n, àwọn ẹ̀rọ ogun sì ti di ọmọ òrukàn. Àwọn ọkọ̀ ogun onírin ya wọ Khuzestan bí eṣú. Ìgbà yẹn ni àwọn awakọ̀ sèbé jáde. Orúkọ Ali Akbar Shiroudi ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Ìránì títí dòní. Ó fi Cobra jà ní apá ìwọ̀-oòrùn, lágbègbè Kermanshah, wọ́n sì pa á lójú ogun ní oṣù kẹrin ọdún 1981. Kò tíì ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn bí Cobra ṣe bá hẹlikópítà Rọ́ṣíà tí Ìráàkì ń lò jà lójú sánmà, ojú ko ojú. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí oníkálukú ní òun já bọ́, kì í bára mu, n ò sì ní í fi kún irọ́ tó wà ńlẹ̀.

Èyí tó wù mí láti mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gáréèjì lálẹ́. Bí ogun ọdún mẹ́jọ bá ń lọ, tí ẹnì kan ò sì ta sípíà fún ẹ, kí lo máa ṣe? Wọ́n máa pa ọ̀kan jẹ kí òmíràn lè yè ni. Wọ́n á wo èyí tó fara pa jù, wọ́n á yọ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ fún ti èyí, wọ́n á yọ ojú ẹ̀rọ TOW rẹ̀ fún ti ọ̀hún, títí yóò fi ku eegun. Oníhẹlikópítà 202 ò ní 202 mọ́. Lójoojúmọ́ ni iye tó lè gbéra ń dín kù, láìjẹ́ pé ọ̀tá yin ọta kan lù wọ́n. Ẹ̀yin ará họ́sítẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti yọ kọ́ìlì hótípúléètì yàrá kejì rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, àmọ́ ẹ̀yin ẹ fi se ìrẹsì ni.

Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ò sì ń bi omi ní ìdílé tó ti wá. Ísírẹ́lì tí Khomeini ń fi ojoojúmọ́ ṣépè fún, òun náà ń lo ohun ìjà Amẹ́ríkà, sípíà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì fẹ́ kí Saddam borí. Ní kọ̀rọ̀, ọjà ń lọ láti Tel Aviv sí Tehran. Ní oṣù keje ọdún 1981, bàálù akẹ́rù kan láti Argentina já ẹrù sílẹ̀ ní Tehran tán, ó ń padà lọ, ó ṣìnà wọ ojú òfuurufú Soviet, bàálù ogun wọn sì kọ lù ú, ó já ní Armenia. Báyìí ni aṣírí ọjà kọ̀rọ̀ náà ṣe kọ́kọ́ tú.

Ìgbà tó yá, àwọn tó ní kí ayé má ta nǹkan fún Ìránì náà gan-an ló wá ń tà á. Lábẹ́ Ààrẹ Reagan ni. Àwọn èèyàn Amẹ́ríkà kan wà ní ìgbèkùn ní Lẹ́bánọ́nì, àwọn tó mú wọn sì ń gbọ́ràn sí Ìránì lẹ́nu. Àwọn ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ààrẹ ní ẹ jẹ́ ká fi mísáìlì bẹ̀ wọ́n. Láàárín oṣù kẹjọ ọdún 1985 sí oṣù kẹwàá ọdún 1986, 2,004 mísáìlì TOW ló wọ Ìránì, àwọn 504 àkọ́kọ́ láti ọwọ́ Ísírẹ́lì. TOW ọ̀hún ni, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá sèbé. Lẹ́yìn náà ni mísáìlì HAWK, èyí tí wọ́n fi ń já bàálù láti ilẹ̀. 18 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá ní oṣù kọkànlá ọdún 1985. Àwọn Ìránì dán ọ̀kan wò, wọ́n ní irú èyí tí àwọn bèèrè kọ́ nìyí, wọ́n tún rí àmì Ísírẹ́lì lára àwọn kan, ni wọ́n bá dá ìyókù padà fún oníǹkan. Bí oníbàárà ṣe ń dá bàtà tí kò wọ ẹsẹ̀ padà ní Dùgbẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1986, Robert McFarlane, tó ti jẹ́ olùdámọ̀ràn ààbò fún Reagan, wọ bàálù lọ sí Tehran ní bòókẹ́lẹ́. Ohun tó gbé dání ni sípíà HAWK àti kéèkì kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìtàn ni mò ń sọ. Òun ń retí pé wọ́n á tú gbogbo èèyàn náà sílẹ̀, àwọn ń retí pé gbogbo sípíà á dé. Kò sí èyí tó rí ohun tó ń wá, kéèkì nìkan ló ṣe é lóore. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọwọ́ àwọn Ìránì tẹ iye owó tí iléeṣẹ́ ń ta àwọn sípíà náà gan-an. Wọ́n ṣírò, wọ́n rí i pé wọ́n ti bu owó lé e ní 600 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ Gáté ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Èrè ọjà náà ni wọ́n ń yí sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ Contra ní Nicaragua, èyí tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti ní wọn ò gbọdọ̀ fi ohun ìjà ràn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1986, ìwé ìròyìn kan ní Lẹ́bánọ́nì, al-Shiraa, tú gbogbo rẹ̀ síta.

Nígbà tí ogun parí ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, Ìránì ti kọ́gbọ́n. Iléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ayé Shah láti máa tún hẹlikópítà ṣe, PANHA ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú sípíà palẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń rọ irú rẹ̀. Ní ọdún 2013 wọ́n gbé Cobra tí wọ́n ti tún ṣe jáde, Toufan 2 ni wọ́n sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n rírọ irin yàtọ̀ sí mímọ ọjọ́ tí irin náà yóò rẹ̀, ìyẹn kì í hàn lára ohun tí a fi ojú wọ̀n.

Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ààrẹ Ìránì, Ebrahim Raisi, wọ hẹlikópítà Bell 212 láàárín òkè àti kùrukùru, kò sì dé ilé. Ọmọ ìyá Huey ni Bell 212, ẹ́ńjìnnì ìbejì tó wà nínú rẹ̀, ìdílé kan náà ni pẹ̀lú ti Cobra Shah. Ojú ẹsẹ̀ ni Javad Zarif tó ti jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè nínú ìjọba wọn ti ní Amẹ́ríkà tí kò jẹ́ kí sípíà wọlé ló pa á. Amẹ́ríkà ní irọ́ ni, ẹni tó bá wọ hẹlikópítà nínú ojú ọjọ́ burúkú ló mọ ìdí. Ìwádìí àwọn ológun Ìránì fúnra wọn gbè sí ẹ̀yìn kùrukùru. Mo gba ti ìwádìí náà. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ó ti lé ní ọdún 44 tí Carter fọwọ́ lé ẹrù, síbẹ̀ sípíà ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn níbi òkú.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀. Ó kàn wá o. Ní ọdún 2014, lẹ́yìn tí wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin Chibok gbé, ìjọba wa wá Cobra lọ sí Ísírẹ́lì. Ísírẹ́lì ti ń palẹ̀ tiwọn mọ́, wọ́n sì fẹ́ tà á. Ìjọba Amẹ́ríkà ní rárá. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ra ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Aṣojú wa ní Washington nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébọ̀wálé Adéfúyẹ̀, onímọ̀ ìtàn bíi ti àwọn olùkọ́ wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ló bọ́ síta gbangba, ó fi ẹ̀dùn ọkàn sọ pé ọ̀rẹ́ tí kì í ranni lọ́wọ́ nígbà ìṣòro, ọ̀rẹ́ wo nìyẹn. Ìdáhùn Amẹ́ríkà lọ́nà méjì ni: àwọn ò dá wa lójú pé a ò ní í pa ará ìlú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àti pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé a ò ní lè lò ó kí a sì máa tọ́jú rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ká mi lára, n ò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, torí ní oṣù kìíní ọdún 2017, bàálù àwọn ọmọ ogun òfuurufú wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì kú. Ti èkejì ni mo bá jà. Ta ló lè tọ́jú ohun tí ẹlòmíràn fi kọ́kọ́rọ́ sípíà rẹ̀ sápò? Ẹ lè ní ká lọ rà á níbòmíràn. Pakísítáànì gbìyànjú rẹ̀: lọ́dún 2018 wọ́n ní àwọn máa ra 30 hẹlikópítà T129 lọ́wọ́ Tọ́kì. Tọ́kì fẹ́ tà á, Pakísítáànì fẹ́ rà á, àmọ́ iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, Amẹ́ríkà ò sì fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ọjà náà tú ká. T129 yẹn náà ni àwa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́dún 2023, tiwa rí àṣẹ gbà.

Sèbé pàápàá ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa báyìí, ọmọ rẹ̀ tuntun ni wọ́n ń pè ní Viper, ìyẹn paramọ́lẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe bàbá rẹ̀ lọ́dún 1965: nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún sípíà rẹ̀ ló bá ti Huey tuntun mu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ta 12 fún Nàìjíríà, wọ́n fojú bu gbogbo rẹ̀ sí 997 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Bell, 455 mílíọ̀nù dọ́là. Mo ka ìwé tí wọ́n fi kéde ọjà ọdún 2022 yẹn, mo sáré kọjá lórí ìbọn àti mísáìlì, mo wá ibi tí wọ́n kọ ẹ́ńjìnnì sí. Hẹlikópítà 12, ẹ́ńjìnnì méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 24 nìyẹn. 28 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mẹ́rin tó lé yẹn, sípíà ni.